Bí gìtá yín kò ṣe ní máa gún etí tí ẹ bá ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé

Gìtá onígi tó dùn gan-an nínú yàrá lè dé inú kọ̀ǹpútà tán, kó wá máa gún etí bí abẹ́rẹ́. Àárín 2,000 sí 5,000 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wàhálà yẹn máa ń wà jù, ibẹ̀ náà sì ni etí wa ti ń tètè gbọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ bá EQ, ìyẹn ohun èlò tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí tó ń gé e kù. Ẹ dúró ná. Ibi tí EQ bá gé, á gé ohùn dídùn tó wà níbẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára okùn. Okùn tuntun máa ń dún gooro jù, nítorí náà ẹ fi ta gìtá fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó gba ohùn. Okùn tí wọ́n fi irin phosphor bronze wé máa ń rọ̀ létí ju èyí tí wọ́n fi 80/20 bronze wé lọ. Píìkì (pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn) tó bá tín-ín-rín máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bó ṣe ń kan okùn; ẹ dán èyí tó nípọn tó 1 mm wò. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ tí ẹ fi ń ta á wà pẹ̀lú. Tó bá sún mọ́ bridge (ibi tí ìdí okùn ti so mọ́ ara gìtá), ohùn á mú bí abẹ. Ẹ sún un síhà ihò gìtá ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Máíkì ló ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ gbé e sí iwájú irin kejìlá lọ́rùn gìtá, ní 25 sí 30 cm. Ẹ má kọjú rẹ̀ sí ihò: ohùn á máa wú bùm-bùm, tí ẹ bá sì gé wíwú yẹn lẹ́yìn náà, líle tó fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀ á yọ síta. Ọ̀pọ̀ máíkì condenser (irú tó ń gbọ́ ohun kéékèèké dáadáa) ló máa ń gbé ohùn òkè, ìyẹn èyí tó mú, ga ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ yí ojú máíkì kúrò lọ́dọ̀ píìkì ní ìwọ̀n 20 sí 30 degree, torí pé ohùn òkè ló kọ́kọ́ máa ń dín kù tí ohùn bá gba ẹ̀gbẹ́ máíkì wọlé. Tí ẹ bá dá wà, ẹ gba ìṣẹ́jú-àáyá 20 sílẹ̀ ní ibi márùn-ún, kí ẹ máa dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sínú máíkì kí ẹ tó ta gìtá. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn pariwo bákan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Èyí tó bá pariwo jù á máa tan etí jẹ.

Ògiri náà máa ń dá kún wàhálà yìí. Tí ohùn tó kọlu ògiri bá fi 34 cm rìn ju èyí tó wá tààrà lọ, á fi 1 ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) pẹ́ dé máíkì. Àwọn méjèèjì á máa pa ara wọn ní 500, 1,500 àti 2,500 Hz, ohun tó kù á sì dún bí ohùn inú agolo. Ẹ fi kúbùsù nínípọn kọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń ta gìtá, torí ibẹ̀ ni máíkì dojú kọ, kó fi bíi 10 cm jìnnà sí ògiri. Ẹ tẹ́ òmíràn sílẹ̀.

Gain (bí ẹ ṣe gbé ohùn máíkì sókè tó): ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, kí ibi tó ga jù má kọjá −10 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó) lójú òṣùwọ̀n inú kọ̀ǹpútà. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà ìgbàsílẹ̀ kò ṣe é tún ṣe dáadáa.

Ó wá kan EQ. Ẹ fi Q 3 (Q ló ń sọ bí ibi tí EQ ń fọwọ́ kàn ṣe fẹ̀ tó) gbé ibì kan sókè ní 6 dB, ẹ rọra wọ́ ọ láti 2,000 dé 5,000 Hz. Ibi tó bá ti gún etí jù, ẹ gé e ní 2 sí 3 dB. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá lù ú kíkankíkan nìkan ló ń gún etí, dynamic EQ (EQ tó ń gé ohùn kìkì ìgbà tó bá le jù) ló yẹ ẹ́, kó má baà fọwọ́ kan ibi tó rọ̀. Tí ẹ bá ti gé é ju 5 dB lọ tí kò tíì rọ̀, ẹ pa EQ, kí ẹ padà lọ sún máíkì.