Bí a ṣe ń wọn purotéènì fún àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó

Bí dókítà bá ti lè dárúkọ kíndìnrín, ọ̀pọ̀ ilé á yọ ẹran àti ẹja kúrò nínú oúnjẹ àgbà. Ó di ẹ̀kọ, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́. Kò pẹ́, iṣan itan á rù, àtidìde lórí àga á di iṣẹ́, ìṣubú á sì tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n purotéènì, èròjà inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tó ń mú iṣan dúró, lẹ ń wá, ẹ má kàn yọ ọ́ kúrò.

Àyẹ̀wò ló ṣáájú. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo creatinine (ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń yọ jáde), wọ́n á sì fi ṣírò eGFR (iye tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí hàn); nínú ìtọ̀, wọ́n á wo albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó jò sínú ìtọ̀). Bí eGFR bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí albumin bá tó mílígíráàmù 30 sí gíráàmù creatinine kan fún oṣù mẹ́ta bákan náà, kíndìnrín ti ní àìsàn. Kí àgbà náà má jẹ ẹran lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, torí ẹran sísè ń gbé creatinine sókè. Ní ti ẹni tó ti rù gan-an, èsì lè dára ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí inú iṣan ni creatinine ti ń wá. Ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n fi cystatin C, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé iṣan, kún un.

Ẹ wá gbé àgbà náà sórí ìwọ̀n láàárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó tó jẹun. Bí ẹsẹ̀ bá wú, omi wà nínú iye yẹn. Ìwọ̀n tó ní kí ẹsẹ̀ tó wú ni kí ẹ lò. Àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń fẹ́ purotéènì gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí kíndìnrín bá ti ní àìsàn, 0.8 ni, àyàfi tí àgbà náà bá ti rù tí dókítà sì ní kí ẹ gbé e sókè. Ẹni tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á padà sí 1.0 sí 1.2, torí ẹ̀rọ ń kó lára purotéènì lọ. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n ṣì ń fi ebi pa á.

Màmá tó jẹ́ kílò 60, lórí 0.8, ń fẹ́ gíráàmù 48. Gíráàmù 48 ẹran kọ́ o! Ẹran tàbí ẹja sísè gíráàmù 30 ní purotéènì bíi gíráàmù 7. Ẹyin kan ní 6, ẹ̀wà sísè ife ńlá kan (gíráàmù 170) ní 13, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní 7, ìrẹsì sísè ife kan ní 4. Nítorí náà: ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ife kan láàárọ̀, àmàlà àti ẹja gíráàmù 60 lọ́sàn-án, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nírọ̀lẹ́, ìrẹsì ife kan, ẹyin kan àti ẹ̀fọ́ lálẹ́. Ó di 44, ẹ̀kọ, àmàlà àti ẹ̀fọ́ á fi díẹ̀ kún un. Bí potassium (èròjà oúnjẹ kan tí kíndìnrín ń yọ jáde) bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó máa fún un ní ẹ̀wà àti ẹ̀pà lójoojúmọ́.

Pánla gbígbẹ ń tan ni jẹ: lẹ́yìn tó bá ti rọ̀ nínú omi ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Omi ẹran kì í ṣe purotéènì. Iyọ̀ àti mágì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí eyín kò bá sí, ẹ lọ ẹja, tàbí kí ẹ se mọ́ínmọ́ín. Purotéènì oníyẹ̀fun inú agolo, ṣíbí ìwọ̀n rẹ̀ kan sábà máa ń ní 20 sí 25, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti ọjọ́ kan. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac sì ń ba kíndìnrín jẹ́ ju ẹja lọ, bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú ṣe ń bà á jẹ́.

Ẹ má dín àmàlà, ìrẹsì àti epo kù jù. Bí oúnjẹ kò bá kún inú, ara á sun purotéènì náà bí igi ìdáná, iṣan kò ní rí nǹkan lò. Ẹ máa gbé àgbà náà sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kílò bá ń já tí ẹsẹ̀ kò sì wú, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí oṣù tó parí.