Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ̀ọ́mì: bí mo ṣe ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà kan bó ṣe ń di odindi

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí n jókòó ti oníṣẹ́-ọnà kan títí yóò fi parí ohun tó dáwọ́ lé, kí n sì kọ bó ṣe ṣe é sílẹ̀. Àgbà obìnrin ni, Mọ̀ọ́mì sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rì sínú rọ́bà olómi, kí wọ́n fi okùn so wọ́n rọ̀ láti òkè àjà. Tẹlifíṣàn àtijọ́ kan, irú èyí tó ní ẹ̀yìn gbàgìdì, máa wà nísàlẹ̀, fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin á sì máa yí lórí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tó fẹ́ rà á ló rán mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, torí rọ́bà máa ń gbó, tẹlifíṣàn máa ń kú, fáìlì fídíò sì lè di ohun tí ẹ̀rọ kankan kò lè ṣí mọ́.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 1969, oníṣẹ́-ọnà kan, Eva Hesse, fi rọ́bà olómi kun aṣọ, ó fi ọ̀pá fiberglass gbé e ró, ó pe iṣẹ́ náà ní Expanded Expansion. Guggenheim, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ló wà. Nígbà tí ó jẹ́ tuntun, aṣọ náà rọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lónìí ó ti le, ó ti ṣú. Hesse kú ní 1970, ọmọ ọdún 34 péré, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bi í bóyá bó ṣe rí yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Ìwé tó fi sílẹ̀ àti ẹnu àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló kù tí àwọn olùtọ́jú lè gbára lé. Tèmi yàtọ̀: Mọ̀ọ́mì wà láàyè, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Àní wọ́n ń sọ̀rọ̀ ju bí bírò mi ṣe lè sáré lọ.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ba nǹkan jẹ́. Kámẹ́rà méjì, iná mẹ́ta, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo kó gbogbo wọn dé bí ẹni tó fẹ́ ya fíìmù. Mọ̀ọ́mì wò wọ́n, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré. Wọ́n ń rọra gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí n kò bi wọ́n, wọ́n ń dúró kí n yà á tán kí wọ́n tó ṣe òmíràn. Gbogbo ohun tí mo rí kó lọ́jọ́ náà kò sọ nǹkan kan fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Mo kó ẹrù mi padà. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìwé àti bírò nìkan ni mo fi jókòó sí kọ̀rọ̀, mo sì ń bá wọn gbálẹ̀ nígbà mìíràn. Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó gbé kámẹ́rà kan sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní igun yàrá, lókè pátápátá, mo tàn án, n kò sì wo ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Mọ̀ọ́mì náà gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Nínú ìwé mi, mo fa ilà sí mẹ́rin: aago, ohun èlò, ohun tí ọwọ́ ṣe, ìdí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn. Ìdí ni kò rọrùn, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ fún ogójì ọdún máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Tí mo bá bi wọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí." Tí mo bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá jókòó sinmi, tí mo wá sọ pé, "Mọ̀ọ́mì, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á," wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá sọ ìdí rẹ̀.

Ti ohun èlò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo agolo, gbogbo ìgò, mo ya àwòrán lébẹ́ẹ̀lì wọn níwájú àti lẹ́yìn, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, mo wọn iye tí wọ́n dà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gọ́ọ̀mù lè yí àdàpọ̀ rẹ̀ padà lọ́la láì yí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó. Mo tún bẹ Mọ̀ọ́mì kí wọ́n kun àwọn aṣọ kéékèèké mẹ́fà fún mi pẹ̀lú rọ́bà inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo kó mẹ́ta sínú àpótí tí iná kì í wọ̀, mo fi mẹ́ta yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń wò wọ́n. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti ń pọ́n, etí wọn sì ti ń le. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ rọ́bà bẹ́ẹ̀. A kò lè dá a dúró, a kàn lè mú kó fẹsẹ̀ falẹ̀ ni.

Mo máa ń fi páálí àwọ̀, páálí tí wọ́n tẹ àwọn àwọ̀ tí a ti mọ̀ sí, àti rúlà sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bá mi wá lọ́jọ́ kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ń ṣe bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àwòrán ńlá tí Mark Rothko yà fún yunifásítì Harvard. Wọ́n gbé wọn kọ́ ní 1964 sínú yàrá tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa. Pupa kan tó lò kò lè fara da ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ wọn ṣí débi pé wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní 1979. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ bí àwọ̀ náà ṣe rí látilẹ̀wá, fọ́tò tí wọ́n yà ní 1964 ni wọ́n gbé jáde, àṣé fọ́tò náà ti ṣí. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ tún fọ́tò ṣe kí wọ́n tó lè fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Ní 2014, wọ́n fi ẹ̀rọ tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ sórí àwọn àwòrán náà kí àwọ̀ wọn lè hàn bíi ti tẹ́lẹ̀, láìfi ọ̀dà kankan kàn wọ́n. Tí páálí àwọ̀ bá wà nínú fọ́tò, ẹni tó bá rí i lẹ́yìn àádọ́ta ọdún á mọ ohun tó ti yí padà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ rán mi níṣẹ́. Mọ̀ọ́mì ti kun aṣọ kìíní tán, ó gbẹ, ó lẹ́wà lójú mi. Wọ́n dúró níwájú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n yọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì da gbogbo rọ́bà inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nù. Ọkàn mi já. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ó ń dán jù. Ó dà bí awọ ọmọ jòjòló. Awọ ẹni tó ti rìn jìnnà ni mo ń wá."

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn tó rán mi ti ń ṣètò yàrá tó ṣókùnkùn, tó tutù, kí aṣọ náà má baà pọ́n láé. Mo wá bi Mọ̀ọ́mì pé, "Tó bá wá di pé ó pọ́n, tó ṣú lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́?" Wọn ò tilẹ̀ rò ó rárá. "Kó dàgbà. Àgbà ni mo ní kó jẹ́. Kó má ṣáà ti ya." Gbogbo ètò àwọn olówó iṣẹ́ yí padà nítorí gbólóhùn yẹn: ìyà tí aṣọ lè jẹ níbi okùn di ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ká ní ìgbà tí iṣẹ́ parí ni mo dé, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ tó rẹwà, ǹ bá má mọ̀ láé pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n dà nù.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni bátìrì fi mí ṣẹ̀sín. Mo jáde lọ gbé òmíràn, n kò pẹ́ níta. Nígbà tí mo wọlé, òórùn èéfín ti gba yàrá, etí aṣọ kejì sì ti ká bọ ara rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Wọ́n ti fi iná ràn án. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe sórí aṣọ mìíràn kí n lè yà á. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀: "Tí mo bá tún un ṣe nítorí kámẹ́rà, irọ́ ni ìwọ àti èmi jọ pa yẹn." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo bírò méjì. Búlúù ni mo fi ń kọ ohun tí mo fojú ara mi rí, pupa ni mo fi ń kọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Ti etí aṣọ kejì, pupa ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, a jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Carol Mancusi-Ungaro, olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ ní 1990 ní Menil Collection, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Texas: ó máa ń mú oníṣẹ́-ọnà dúró síwájú iṣẹ́ tirẹ̀, kámẹ́rà á máa ṣiṣẹ́, á wá bi í nípa bó ṣe ṣe é àti bó ṣe fẹ́ kó gbó. Níwájú iṣẹ́ gan-an ni o, nítorí ohun tí èèyàn máa sọ nídìí tábìlì yàtọ̀ sí ohun tó máa sọ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń wo nǹkan náà. Ní Guggenheim ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ onífídíò àti ti kọ̀ǹpútà la ọ̀nà mẹ́rin kalẹ̀ fún oníṣẹ́-ọnà kó mú: kí wọ́n tọ́jú ohun èlò rẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n ṣe àfijọ rẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun, tàbí kí wọ́n tún un rò látìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú Mọ̀ọ́mì lórí tẹlifíṣàn.

"Ẹ má fi tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀ o," ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Mo ti gbé pẹlẹbẹ kan wá, tó fẹ̀ bákan náà, mo tan méjèèjì, mo gbé wọn sísàlẹ̀ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní iná búlúù tó ń bà lára rọ́bà ni àwọn ń fẹ́, bó bá ti wà, kí àpótí jẹ́ àpótí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè mí lórí fóònù: ìró kíkùn abẹ́lẹ̀ tí ti àtijọ́ ń ṣe kò sí nínú pẹlẹbẹ, wọ́n sì nílò rẹ̀. N kò pa èkíní rẹ́. Mo kọ méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ wọn, nítorí ẹni tó máa bá ìṣòro náà pàdé ní tòótọ́ ló máa nílò àwọn ìdí náà: iná búlúù, ìró kíkùn. Lóòótọ́, àwọn tó ń ṣe irú tẹlifíṣàn bẹ́ẹ̀ ti jáwọ́. Ní Kòríà, The More, The Better, iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà Nam June Paik, tó ní tẹlifíṣàn 1,003, ní láti dákẹ́ ní 2018 nítorí ewu. Nígbà tí wọ́n tún un tàn ní 2022, pẹlẹbẹ ti wà láàárín àwọn àtijọ́.

Mo bi wọ́n nípa gígùn okùn náà. El Anatsui, oníṣẹ́-ọnà ọmọ Ghana, máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ onídérí-ìgò rẹ̀ kọ́ ká a bó ṣe wù wọ́n, torí náà kò sí ìgbà méjì tó rí bákan náà. Mo rò pé Mọ̀ọ́mì á rí bẹ́ẹ̀. Ó tì o. Sẹ̀ǹtímítà kan lé, wọ́n á ní kí n tú u.

Fáìlì kò gba àsọjù: mo fi ọjọ́ ṣáájú orúkọ rẹ̀, ọdún, oṣù, ọjọ́, kí wọ́n lè to ara wọn. Ẹ̀dà mẹ́ta wà, ọ̀kan nínú ilé mìíràn. Kọ̀ǹpútà ṣírò nọ́ńbà kan fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bíńtín bá yí padà nínú rẹ̀, nọ́ńbà náà á yàtọ̀, a ó sì mọ̀.

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Lẹ́yìn tí mo di gbogbo rẹ̀ tán, mo ní kí ẹnì kan tí kò rí iṣẹ́ náà rí gbé e kọ́ pẹ̀lú ìwé mi nìkan, mo sì ṣèlérí pé n kò ní la ẹnu mi. Títí di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ibi aṣọ kẹta ló ti há. Ó ń so ó, aṣọ ń yí ojú sógiri. Ó tú u, ó tún un so, ó tún yí sógiri. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni fídíò igun yàrá náà. Mo wò ó di òru. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, létí àwòrán, mo rí Mọ̀ọ́mì tí wọ́n fi eyín di okùn mú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ta kókó. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó tì wọ́n, mo sì ya gbogbo kókó inú ìwé mi bí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Mo yà wọ́n lódìkejì, mo kó wọn fún un láàárọ̀. Ó ta á, ó tú ọwọ́ sílẹ̀, aṣọ náà rọra yí, ó kọjú sí tẹlifíṣàn, ó dúró.

Mọ̀ọ́mì dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti tẹlifíṣàn díẹ̀ sápá ọ̀tún. Mo fa tépù jáde. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Búlúù ni mo fi kọ ọ́.