Fíltà ọ́ìlì ọkọ̀: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń dè é, àti ohun tí a ń ṣe tó bá ń jò

Mo ti kọjá Àpọnmu, mo ń sún mọ́ Ọwẹ̀nà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ni iná pupa ọ́ìlì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe sáfíìsì: ọ́ìlì tuntun, àti fíltà tuntun tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì. Mo darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì ti bo gbogbo ibẹ̀, ó ń kán sórí koríko, àwọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́ bí oyin.

Mo pe ọ̀gá mẹkáníìkì. Gbólóhùn kan ló sọ: “Ẹ má tún un ṣíná o, mo ń bọ̀.” Ó gun ọ̀kadà wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan. Ó tú fíltà tuntun náà, ó wo ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi èékánná họ nǹkan kan. Rọ́bà róbótó kan jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dúdú, ó le, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Rọ́bà fíltà àtijọ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ tó tú u láàárọ̀ kò mọ̀ pé kò bá agolo rẹ̀ jáde, ó sì de tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Bí pọ́ǹpù ṣe ń fi agbára ti ọ́ìlì, ọ̀kan yọ̀ lórí èkejì, ọ̀nà bá ṣí.

Ojúlówó ni fíltà tí mo rà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí: ọ̀pọ̀ fíltà tó ń jò, ọwọ́ tó dè é ni ká kọ́kọ́ bi. Ṣùgbọ́n rírà náà ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì, ìbáà jẹ́ ní Arákalẹ̀ tàbí ní ojú ọ̀nà Ọ̀dà, kí ẹ kàn ní “ẹ fún mi ní fíltà Camry”. Camry wo? Èyí tí a ń pè ní Muscle nìkan, 2007 sí 2011, ní ju irú ẹ́ńjìnnì kan lọ. Èyí tó jẹ́ 2.4, oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ń lo fíltà alágolo, èyí tí bébà rẹ̀ wà nínú agolo irin tí a ń yí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. V6 3.5 tó jọ ọ́ bí ìbejì ń lo oníbébà, èyí tí a ń kì bọ inú ilé tirẹ̀ tí a sì ń fi ìdérí dé. Corolla tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀: ti 2003 sí 2008 jẹ́ alágolo, ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZR láti 2009 ti di oníbébà. Ọdún ọkọ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì ni ká sọ fún ẹni tó ń tajà. Nọ́ńbà fíltà Toyota alágolo sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90915, ti oníbébà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04152. Tí nọ́ńbà bá ṣì hàn lára ti àtijọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìrísí ń tan ènìyàn jẹ níbí ju ibòmíràn lọ. Ihò àárín fíltà ọ̀pọ̀ Toyota jẹ́ 3/4 ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 19 àti díẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ Honda jẹ́ mìlímítà 20. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó mìlímítà kan, bẹ́ẹ̀ ni eyín tírẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn ìlà tó yí po nínú ihò náà, kò ṣe déédéé. Tí ẹnì kan bá gbé fíltà Honda sórí Toyota, ó lè gùn ún, kó máa yí lọ, kí ọwọ́ rò pé ó ti mú. Kò mú. Ẹ̀bá eyín lásán ló fi rọ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá sáré, ó lè já dànù. Nítorí náà, “ó wọlé” kò tíì tó. Nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu, rọ́bà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n ti àtijọ́. Ẹ kojú àwọn méjèèjì síra wọn: róbótó rọ́bà ọ̀kan gbọ́dọ̀ bo ti èkejì gẹ́lẹ́. Gíga agolo lè yàtọ̀ díẹ̀, kò burú, àfi tó bá gùn débi pé òkúta ojú ọ̀nà lè bà á.

Tí ti ẹ̀yin bá jẹ́ alágolo, ẹ yọ ọ́ nínú páálí kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà rẹ̀. Ó yẹ kó tẹ̀, kó sì padà bọ̀ sípò. Rọ́bà tó le bí ike ti gbó lórí káńtà tàbí kò dára láti ilẹ̀. Ẹ wo àwọn ihò kéékèèké tó yí ihò àárín ká: ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà wọlé, á gba inú bébà kọjá, á sì gba ihò ńlá àárín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ní ọ̀pọ̀ fíltà, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn àwọn ihò kéékèèké náà. Ẹ fi orí báírò tó mọ́ tì í díẹ̀, ó yẹ kó padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ọ́ìlì inú fíltà ṣàn padà sísàlẹ̀ ní òru. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ó máa gbọ́ kíki-kíki lórí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárọ̀ kí ọ́ìlì tó dé òkè.

Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀ pẹ̀lú. Òórùn ọ́ìlì sísun, tàbí eyín tírẹ́ẹ̀dì tí irin ti họ, fi hàn pé wọ́n ti lò ó rí, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún, wọ́n dá a padà sínú páálí. Ẹ dá a padà fún wọn.

Àwọn kan máa ń pa ọ́ìlì dà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pa fíltà dà lẹ́ẹ̀kan, kí owó lè dínkù. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, pàápàá níbi tí eruku pupa pọ̀ tó báyìí. Ọ̀pọ̀ fíltà ní fáàfù kan tó máa ń ṣí tí bébà bá ti dí, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ. Ọ́ìlì tó bá gba ibẹ̀ kọjá, bébà kò sẹ́ ẹ, gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ ló ń gbé padà, ẹni tó ń wakọ̀ kò sì ní mọ̀ rárá.

Dídè é, látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì pa á. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Tí ẹ bá fi jáàkì gbé e, ẹ fi sítáńdì irin tì í kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ gbé ọpọ́n síbẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì dà tán, kí ẹ dè é padà pẹ̀lú wáṣà tuntun.

Ẹ wá tú fíltà sọ́wọ́ òsì. Tó bá le, sípánà onírin-pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún fíltà wà ní ọjà. Lílu sukurudíráfà já agolo lágbede méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, ó lè ya agolo náà kó sì fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì.

Ẹ dúró níbí, ẹ má kánjú. Ẹ yí fíltà àtijọ́ sókè, ẹ wo ojú rẹ̀. Ṣé rọ́bà rẹ̀ wà níbẹ̀, yípo-yípo láìjá? Tó bá wà, ó dára. Tí kò bá sí, ó wà lára ẹ́ńjìnnì, kò sí ibòmíràn tó lè wà. Bí ẹ tilẹ̀ rí i lára agolo, ẹ ṣì fi àkísà mímọ́ nu ojú ibi tí fíltà ń jókòó, kí ẹ fi àtàǹpàkò yí i ká. Irin dídán nìkan ni ọwọ́ yẹ kó bà. Rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń dúdú bí irin tó ní ọ́ìlì lára, ojú lè fò ó, ọwọ́ kì í fò ó. Tí ẹ bá fẹ́ ha á, ẹ lo igi tàbí ike kí ojú irin má baà ní ọgbẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá irin onítírẹ́ẹ̀dì tí fíltà ń gùn kò bá ti àtijọ́ jáde, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ti de fíltà pa.

Ẹ ti ìka bọ ọ́ìlì tuntun, kí ẹ fi pa rọ́bà fíltà tuntun yípo. Rọ́bà gbígbẹ máa ń lọ́ tí ẹ bá ń yí i. Ẹ fi ọwọ́ lásán gbé e sí i, kó rọrùn láti ìyípo àkọ́kọ́; tó bá ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, eyín rẹ̀ ti gun ara wọn, ẹ tú u kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí i títí rọ́bà yóò fi kan irin. Láti ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí i bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i, tàbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. Ó tó. Fífi sípánà fà á le ń fún rọ́bà pọ̀, ó sì ń sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá fún ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ da ọ́ìlì sí i ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Corolla tèmi, 2005, ń gba bí lítà 3.7, gálọ́ọ̀nù tí a sì ń rà jẹ́ lítà 4. Dída gbogbo rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì nítorí pé a ti sanwó rẹ̀ kò dára. Ẹ ṣíná, kí ẹnì kan máa wo abẹ́ ọkọ̀ bí iná ọ́ìlì ṣe ń kú, kí ọkọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà méjì sábà máa ń tú àṣírí ara rẹ̀ nínú ìṣẹ́jú yìí. Èmi kò wò ó ní tèmi, ìdí nìyí tó fi jẹ́ Ọwẹ̀nà ni mo ti rí i. Ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo géèjì, irin gígùn tí a fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì.

Ti oníbébà yàtọ̀ díẹ̀. Rọ́bà róbótó tuntun máa ń wà nínú páálí rẹ̀. Inú kòtò tí ti àtijọ́ ti jáde gan-an ni kó wọ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ 25 N·m sára ìdérí ti Toyota, agbára tó yẹ kí wọ́n fi dè é nìyẹn. Àdèjù ń la ìdérí oníke.

Ó ń jò: kí ni ká ṣe?

Tí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ kúrò lójú títì ní wàràwàrà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra wà á dé Bọ́lọ́rundúró tàbí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó súnmọ́ ibẹ̀. Agbára ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ kí iná yẹn tó tàn, irin sì ti ń bá irin jà. Torí pé mo pa á ni ẹ́ńjìnnì mi kò fi nọ́ọ̀kù.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má tíì dá fíltà lẹ́bi. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, agolo ló sì sábà wà nísàlẹ̀ láti gbà á. Gáásíkẹ́ẹ̀tì òkè ẹ́ńjìnnì lè ti bàjẹ́, síwíìṣì tó ń tan iná ọ́ìlì lè máa jò láti ìdí, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lè máà ní wáṣà. Lára Corolla bíi tèmi, rọ́bà ìdí irin tó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnnì le jẹ́ olókìkí nídìí iṣẹ́ yìí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ nígbà sáfíìsì lè máa kán fún bí ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ohunkóhun ń jò.

Bí a ṣe ń mọ̀ rèé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ nu fíltà àti gbogbo àyíká rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ bu páúdà funfun, èyí tí a fi ń pa ọmọ lára, kí ẹ fọ́n ọn sára irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣíná kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ibi tí páúdà ti kọ́kọ́ rin ní òkè jù lọ ni orísun rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìdí fíltà ló rin, ẹ fi ọwọ́ wò ó nígbà tó tutù. Tó bá rọ̀, ẹ dè é le díẹ̀, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lọ. Tó bá ṣì ń jò, ẹ tú u, ẹ wo rọ́bà, ẹ wo ojú irin, ẹ wo tírẹ́ẹ̀dì. Rọ́bà tó ti lọ́ tàbí tó ti ya, ẹ pa fíltà dà. Tó bá jẹ́ ara agolo ló ti ń jò nítorí òkúta tàbí ìpẹtà, kò sí àtúnṣe kankan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù gáásíkẹ́ẹ̀tì pa rọ́bà fíltà. Èyí tó bá já wọ inú lè dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Tí fíltà bá wú bí ẹni tó fẹ́ bẹ́, tí tuntun náà tún ń wú, fáàfù tó ń dín agbára ọ́ìlì kù nínú ẹ́ńjìnnì lè ti há, iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì nìyẹn.

Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́m tó wà nínú ọpọ́n, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ dé e pa. Àwọn mẹkáníìkì mọ àwọn tó ń rà á. Gọ́tà tó wọnú odò Àlà kọ́ ni àyè rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá pa fíltà dà, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí páálí bá mọ́ ní àárọ̀, ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi wé ibi tó wà lánàá. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta tí ẹ ti ń wakọ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹ sì fi máákà kọ ọjọ́ àti kìlómítà sára agolo náà kí ẹni tí yóò tú u nígbà tó ń bọ̀ lè rí i.