Láti Èkó sí New York: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò wákàtí bàálù

Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù láti Ìkẹjà lọ sí JFK, pápákọ̀ òfurufú New York, sábà máa ń tẹ orúkọ ìlú méjèèjì sórí Google. Yóò rí nǹkan bí 8,440 kìlómítà. Bó bá ti mọ̀ pé bàálù ńlá ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, á pín in, á sì gbà pé wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lòun máa lò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàálù tí kò yà níbì kankan máa ń lò tó wákàtí mọ́kànlá. Ọ̀nà tó kúrú jù lọ ni 8,440 yẹn. Kò ka ìgbà tí bàálù ń yí kiri nílẹ̀ kó tó gbéra, kò ka ìgbà tó ń dúró de àyè àtibalẹ̀, kò sì ka afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló ń da ìṣirò rú. Lókè òkun Àtìláńtíìkì, ó máa ń fẹ́ kíkankíkan láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, pàápàá nígbà òtútù. Bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń dojú kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀ wálé, ṣe ló ń tì í lẹ́yìn. Nítorí náà, bíbọ̀ lè fi bíi wákàtí kan yá ju lílọ lọ. Ẹ má fi ti lílọ díwọ̀n ti bíbọ̀.



Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Aago ìlú tí ẹ ti ń gbéra ni wọ́n fi kọ ìgbéra, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni wọ́n fi kọ ìbalẹ̀. Ká ní ẹ kúrò l'Ékòó ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ẹ dé New York ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Lójú, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kínní, Èkó fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú New York. Ẹ fi kún un, ó di mọ́kànlá ààbọ̀. Ní oṣù Keje, márùn-ún ni ìyàtọ̀, torí Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní oṣù Kọkànlá. Nàìjíríà kì í yí aago rárá. London náà máa ń yí aago: ní oṣù Keje, aago kan náà ni pẹ̀lú Èkó, ní oṣù Kínní, Èkó fi wákàtí kan ṣáájú. Kí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní Heathrow má gbàgbé èyí, kí màmá má baà jókòó ti ẹrù nínú òtútù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀gànjọ́. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ Sọ́ńdè, 00:15, alẹ́ Sátidé ni kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀pọ̀ ló ń kó báàgì dé ní alẹ́ Sọ́ńdè, nígbà tí bàálù ti lọ láti òru mọ́jú, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè wọ igbó. Àmì +1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀ náà ń sọ pé ọjọ́ kejì lẹ máa dé. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín.