Afárá ò le, omi ló le: ohun tójú mi rí nínú Dwarf Fortress

Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n kọ eléyìí. Fídíò kan ni mo tẹ̀lé láti fi gbẹ́ yàrà yí odi mi ká nínú Dwarf Fortress, géèmù kọ̀ǹpútà tá a ti ń darí àwọn dwarf (àwọn èèyàn kúkurú) kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì kọ́ odi, ẹni tó ṣe fídíò náà ń sọ̀rọ̀ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀: gbẹ́ ihò látinú odò wá, fi floodgate (ilẹ̀kùn tó ń dí omi) sẹ́nu ẹ̀, fa lífà, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ń fà láti fi ṣí i tàbí tì í, ó parí. Kò dárúkọ pírẹ́ṣọ̀ omi, ìyẹn agbára tí omi fi ń ti ara ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Géèmù yẹn gan-an ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi o, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀yà ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Classic lórí ìkànnì Bay 12 Games, àwọn tó ṣe é, àmọ́ epo jẹnẹrétọ̀ tí mo jó tán sórí omi yẹn, ládùúgbò wa nítòsí FUTA níbí tí iná kì í dúró lálẹ́, mi ò tiẹ̀ fẹ́ ṣírò ẹ̀.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí àti bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti ta géèmù yìí díẹ̀ ti mọ ìyẹn. Afárá tó gba orí yàrà náà, tí lífà máa ń gbé dìde, ò le. Ẹ jẹ́ kí etí ẹ̀ kan fara kan ilẹ̀ tó dúró dáadáa, ẹ sì yan apá ibi tó máa dìde sí kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ, torí tó bá ti gbéra ògiri ló máa dà sí etí yẹn, goblin, ìyẹn àwọn ọ̀tá, kankan ò ní lè kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilẹ̀ tàbí ògiri kọ́ sára afárá nìkan láìsí nǹkan míì tó gbé e dúró, afárá kì í gbé nǹkan ró nínú géèmù yìí, wíwó ló máa wó. Lífà gba mechanism (ẹ̀yà ẹ̀rọ) kan, kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ afárá ẹ tún máa nílò méjì sí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fa lífà tí afárá Òkè Ìdànrè (bí mo ṣe ń pe odi mi nìyẹn, inú òkè ló wà) gbéra tó dí ẹnu ọ̀nà pa, mo kígbe pe àbúrò mi kó wá wò ó.

Omi ló fojú mi rí màbo. Mo fẹ́ kí omi yàrà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ìkùdù kan tí mo gbẹ́ sábẹ́ kànga nínú yàrá ìjẹun, ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Mo ṣe é bí fídíò ṣe sọ. Omi wọlé, ìkùdù kún dé 7, tó jẹ́ ibi tí omi ń kún dé nínú táìlì (ojú ibì kan lórí máàpù) kan, kò sì dúró, ló bá ń gba ẹnu kànga jáde, ló bo tábìlì, ló bo ibùsùn, àwọn dwarf ń sá kiri.

Fídíò ní kí n tètè ti floodgate tó bá ti kún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tètè tì í? Èmi kọ́ ni mò ń fa lífà, dwarf ni, èyí tó sì yẹ kó fà á ń mutí lọ́wọ́! Tó bá tiẹ̀ fà á, floodgate máa dúró fún 100 tick (bí géèmù ṣe ń ka àkókò nìyẹn) kó tó gbọ́, afárá náà bẹ́ẹ̀, 1,200 tick sì ni odindi ọjọ́ kan nínú géèmù. Kí ìyẹn tó pé, omi ti dé yàrá kejì. Mo ń padà sí ibi tí mo ti save tẹ́lẹ̀, mò ń ṣe é lákọ̀tun, ohun kan náà ni, àárín ẹ̀ ni iná tún lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Ìjàpọ̀ tó ti pẹ́ nídìí géèmù yìí ni mo pè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yìí ò dúró o." Wọ́n ní, "Àbúrò, ibo ni odò wà, ibo ni kànga wà?" Mo ní odò lókè, kànga nísàlẹ̀. Wọ́n ní ṣé mi ò rí tàǹkì tí wọ́n gbé sórí òpó ni, tí omi fi ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Omi tó bá ti odò wá tó kún ihò dénú máa wá bó ṣe máa gòkè padà títí dé ìpele odò tó ti wá. Ṣùgbọ́n pírẹ́ṣọ̀ yẹn kì í gba igun kọjá. Tí táìlì méjì bá kan ara wọn ní igun nìkan, omi á kọjá, pírẹ́ṣọ̀ á kú síbẹ̀.

Mo wá gbẹ́ ihò náà kó yà ní igun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìkùdù. Ìpele yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí tí igun bá wà lókè tí omi tún já wálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fa lífà. Ìkùdù kún, ó sì dúró, kò sí ẹ̀kán omi kan lórí ilẹ̀ yàrá ìjẹun, kódà mo fi floodgate sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo fò sókè!

Omi tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo gbẹ́ ihò kan dé etí máàpù, mo ní kí wọ́n dán òkúta ibẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ́ fortification (ògiri tó ní ihò tí omi lè gbà) sí i, gbogbo ẹ̀ ṣàn jáde. Èyí tó ṣẹ́ kù dé 1 gbẹ fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ihò tó ń da omi sóde yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ o, kí ẹ̀kán omi kan tó wọlé. Ẹ so lífà mọ́ floodgate nígbà tí ihò ṣì gbẹ, torí dwarf tó máa so ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé lífà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mutí, ibẹ̀ lẹ máa bá wọn nígbàkígbà.