Ọmọ Ajá Tó Ń Pààrọ̀ Eyín: Ẹ Yéé Fún Un Ní Ohun Tí Ẹ Fẹ́ Dà Nù

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀, olósìn àti onílé tó ń sin ajá ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀

Ní àsìkò àgbàdo tó kọjá, wọ́n pè mí lọ wo ọmọ ajá kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Ọmọ oṣù mẹ́rin ààbọ̀ ni. Ìyá tó ni ín ń sin adìẹ ẹyin, ó sì fẹ́ kí ajá náà máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ adìẹ sí. Ọjọ́ kẹta tó ti ń bì ni mo débẹ̀. Kò yàgbẹ́, kò jẹun, inú rẹ̀ le koko. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí wọ́n là á, ègé ṣùkù àgbàdo kan ni wọ́n bá nínú ìfun rẹ̀. Ó há síbẹ̀ gbọin, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Ìyá yẹn kì í ṣe ọ̀dájú. Ó rí i pé ẹnu ń yún ọmọ ajá rẹ̀, ó ń jẹ ẹsẹ̀ àga, ó ń jẹ pátákó ilé adìẹ. Ó wá mú ṣùkù àgbàdo tí àwọn ọmọ ilé jẹ kù, ó jù ú sí i pé kó máa fi ṣeré. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nìyẹn, òun sì ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún ajá lóúnjẹ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́lẹ̀. N kò ní tún ìyẹn sọ.

Ìgbà wo ni, báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó?

Eyín àkọ́hù 28 ni ọmọ ajá ń ní. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Àwọn tó wà níwájú ló ń kọ́kọ́ lọ, àwọn ṣóńṣó mẹ́rin àti ti ẹ̀yìn á tẹ̀ lé wọn. Tó bá fi máa pé oṣù 7, eyín àgbà 42 ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni ẹ ó fi rọ́jú.

Láàárín ìgbà yẹn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ lè rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ohun tó ń jẹ, ẹ sì lè tẹ eyín kan tó rí bí ẹyọ ìrẹsì mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbálẹ̀. Èyí tó bá gbé mì kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó ya aláìgbọ́ràn. Ẹran ìdí eyín ló ń dùn ún, ohun tó bá ń rún ló ń tù ú lára. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní jẹ nǹkan. Ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tó máa jẹ.

Àwọn àdànù tí mo ń bá lẹ́nu wọn

Bàtà àlòkù ló pọ̀ jù. "Ó ti gbó, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́." Ọmọ ajá kò mọ bàtà tó gbó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rà lánàá, òórùn ẹsẹ̀ yín kan náà ló wà lára méjèèjì. Ẹ ti fi sálúbàtà kọ́ ọ, ó wá jẹ bàtà tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sóde, ẹ gbé pàṣán. Ta ló jẹ̀bi?

Nílé aládìrẹ kan nítòsí Ìtòkú, àkísà ni wọ́n ń jù sí ọmọ ajá wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbà pé aṣọ ni oúnjẹ ẹnu òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fò mọ́ adìrẹ tí wọ́n sá sórí okùn, ó fà á ya láti etí dé àárín, ó sì sùn lé ìyókù. Ọ̀rọ̀ aṣọ ṣì kéré. Àkísà tó ti kan omi aró tí wọ́n po sódà sí lè bó o lẹ́nu àti lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ, igi tí ẹ fi ń po aró, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ike sódà, gbogbo rẹ̀ ni kó wà lókè, kó ga tó mítà 1 ààbọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì dé ìkòkò aró pa.

Egungun adìẹ tó ti jiná máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó lè gún ọ̀fun, ó lè gún ìfun. Egungun ẹsẹ̀ màlúù ní tirẹ̀ le débi pé ó lè la eyín tuntun. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ kọ́kọ́ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná kò bá wọlé rárá, ó ti le jù fún un. Kóró máńgòrò ń ṣe bíi ti ṣùkù àgbàdo gẹ́lẹ́. Èèpo gbágùúdá tútù ní májèlé nínú, ẹ má jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbi tí ajá lè dé. Bó bá sì jẹ́ lápálàpá lẹ fi ṣe ọgbà, ẹ ṣa èso tó bá já bọ́ láràárọ̀, torí kóró rẹ̀ náà kò dára.

Wáyà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti bá okùn ṣájà tó ti bàjẹ́ lẹ́nu ọmọ ajá, àwọn ọmọdé ló fún un. Ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, kò sí ohun tó ṣe é. Tó bá wá di òru, kò síná, ó rí wáyà gílóòbù tó ń mú òròmọdìẹ móoru, ó rí i pé bí ọ̀kan tí òun máa ń jẹ ló rí, ó gbé e sẹ́nu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná dé. Ẹ ki gbogbo wáyà tó bá wà nílẹ̀ sínú páìpù, tàbí kí ẹ kàn án mọ́ ògiri ní mítà 1 sílẹ̀ ó kéré tán. Ẹ ṣe é kí ọmọ ajá tó wọlé.

Ohun tó yẹ kó jẹ

Mẹ́ta péré, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́ ni rọ́bà líle tí èékánná ṣì lè tẹ̀ wọlé, tí wọ́n dìídì ṣe fún ajá, tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ kó má baà lè gbé e mì. Méjì ni kí ẹ rà. Ọ̀kan wà nílẹ̀, èkejì wà ní ìpamọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn ní ọjọ́ méjì-méjì kó má baà sú u. Bí eyín bá ti já ègé kan kúrò lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Èkejì ni aṣọ ìnura kékeré kan. Ẹ ó ní ṣebí mo ní kí ẹ má fún un láṣọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò ní máa gbé èyí kiri inú ilé. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún omi ara rẹ̀ dà nù, ẹ ta á ní kókó mẹ́ta, ẹ fi sínú fírísà fún wákàtí 2. Ẹ gbé e fún un ní ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́: láàárọ̀, lọ́sàn-án, kó tó sùn lálẹ́. Ẹ jókòó tì í. Tí yìnyín ara rẹ̀ bá ti yọ́, ẹ gbà á, torí aṣọ tó ti rọ̀ ló ń ya tó sì ń gbé mì. Bí kò bá síná, ẹ rì í sínú àmù omi amọ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Kò ní tutù tó ti fírísà, ṣùgbọ́n á tù ú lára.

Ẹ̀kẹta ni kárọ́ọ̀tì tútù, odindi, tó nípọn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Ìlàjì ọ̀kan tó fún ọmọ ajá kékeré lóòjọ́. Tó bá ti kù bí ìka, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bí oúnjẹ líle bá ń ni ín lára, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kó tó jẹ ẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tí èèyàn ń lò, ì báà jẹ́ paracetamol tàbí ibuprofen. Oògùn wọ̀nyẹn lè pa ajá.

Pàṣán kò kọ́ ọ ní nǹkan kan

Bí ẹ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń jẹ ẹsẹ̀ àga, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé rọ́bà rẹ̀ fún un. Tó bá ti gbà á, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ti jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó dé, ẹ kó ìdọ̀tí, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín sílẹ̀. Kò lè so pàṣán ọ̀sán pọ̀ mọ́ bàtà òwúrọ̀. Ẹ̀yin ni yóò máa bẹ̀rù. Ẹ má sì lé e yípo ilé tó bá gbé nǹkan sá, eré ló máa pè é.

Fún ẹsẹ̀ àga àti pátákó, ewúro ni èmi ń lò: ẹ̀kún ọwọ́ méjì, kí ẹ fún un sínú omi ìlàjì lítà, kí ẹ fi kùn ún láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ má lo ata. Ojú rẹ̀ ni ata máa wọ̀.

Nígbà tí kò bá sí ẹni tó lè máa wò ó, ẹ fi sínú ọgbà kékeré kan pẹ̀lú omi àti rọ́bà rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ ju wákàtí 4 lọ ní ìjókòó kan. Ibẹ̀ ni kó ti máa sùn, torí nígbà míì, àìsùn ló ń fa ìjẹkújẹ tí ẹ ń rí.

Bó bá gé èèyàn jẹ

Ọmọ ajá tí eyín ń yún máa ń gé ọwọ́ ọmọdé jẹ nínú eré. Bí ara bá ti bó, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi àgbo sí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi yẹ kó ti wọ ara ajá náà láti bí ọ̀sẹ̀ 12. Dìgbòlugi tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló kù.

Yíyẹ ẹnu wò

Lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè lápá ọ̀tún àti òsì. Ibi eyín ṣóńṣó ni kí ẹ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí méjì lójú kan, tí tuntun ti yọ tí àkọ́hù kò lọ, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹ̀mú yọ ọ́, gbòǹgbò rẹ̀ lè kán sínú. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, tàbí ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ní Alábàtà. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ máa sáré gbé e lọ bó bá gbé ṣùkù, kóró tàbí aṣọ mì, kódà bó ṣì ń ta bọ́n-ún bọ́n-ún kiri. Ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta.