Bí Mo Ṣe Dá Akọ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Abo, Tí Mo sì Pẹ̀tù sí Ìjà Nínú Àpótí Ẹja Mi

Ẹja tí mò ń sìn nínú àpótí onígíláàsì nílé mi ní Ẹ̀pẹ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher, tí àwọn tó ń tà á sì mọ̀ sí kribensis. Ìbátan epìyà ni, ṣùgbọ́n kò tóbi, nítorí akọ rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Inú odò gúúsù Nàìjíríà níhìn-ín ni ó ti ṣẹ̀ wá, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ni mo ti rà á, kì í ṣe ní ọjà Olúwo tí a ti ń ra ẹja ọbẹ̀. Mẹ́fà ni mo rà nígbà tí wọ́n ṣì kéré, mo sì jẹ́ kí wọ́n jọ dàgbà, torí pé ọmọ wọn jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹni tó tà wọ́n fún mi sọ pé èyí tí ikùn rẹ̀ bá ti pupa, abo ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó gbára lé, nítorí ikùn akọ náà a máa pọ́n díẹ̀. Lẹbẹ ni èmi wò. Lẹbẹ ẹ̀yìn akọ, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ nítòsí ìrù, máa ń gùn, wọ́n a sì ṣe ṣónṣó ní ìparí. Ti abo a máa rí roboto, òun fúnra rẹ̀ a sì kúrú, a yọkùn ju akọ lọ. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ a dà bí èyí tí a fi osùn kùn, a sì máa tẹ ara, a máa gbọ̀n níwájú akọ kí ó lè rí ikùn náà dáadáa. Ẹni tó ti mọ̀ pé akọ ni ó ń ṣe fáàrí nínú ọ̀pọ̀ ẹja yóò tètè pe abo ní akọ níhìn-ín. Akọ mẹ́rin àti abo méjì ni mo rí nínú tèmi.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí takọtabo kan gba igun kan. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi kún oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló ń bá wọn jà. Ilé ni wọ́n ń jà lé lórí: òrùlé ihò ni abo máa ń lẹ ẹyin mọ́, òun a dúró tì í, akọ a sì máa ṣọ́ ìta. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ kó akọ méjì tí kò ní abo lọ sínú àpótí mìíràn. Lẹ́yìn náà ni mo dojú èèpo àgbọn àti àfọ́kù ìkòkò amọ̀ dé sínú omi, tí mo gbẹ́ ẹnu ọ̀nà sí wọn lára, mo jẹ́ kí wọ́n pọ̀ ju iye ẹja lọ, n kò sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà méjì kọjú síra. Òkúta ńlá àti ewéko ni mo fi dí àárín, nítorí ẹja tí kò rí ọ̀tá rẹ̀ kò ní lé e. Kí n tó ṣe èyí, mo kó gbogbo ẹja jáde, mo sì yí ètò inú àpótí padà pátápátá, kí èyí tó ti gba ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ má baà mọ ààlà rẹ̀ mọ́.

Ètò yìí dín ìjà kù gan-an, àmọ́ kò borí ìgbà tí ọmọ bá jáde. Ẹyin a máa pa lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 3, nígbà tó bá sì tó bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ káàkiri, bàbá àti ìyá wọn á sì máa lé ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn. Ní tèmi, àpótí tó gba lítà 100 kò gba takọtabo méjì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo kó takọtabo kejì kúrò kí ti àkọ́kọ́ tó yé ẹyin. Bí a bá sì rí ẹja tó dúró sókè ní igun kan, tí lẹbẹ rẹ̀ ya, tí kò jáde wá jẹun, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá wọn yóò rẹ́.